Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bẹ̀rù Láti Kọ Lórin

Ìyá mi ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì nígbà tí bàbá mi ka lẹ́tà náà fún wa. Oyún inú rẹ̀ ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ, ó sì gbé àtẹ ìrẹsì lé ikùn bí ẹni gbé e lé orí tábìlì. Ìdóàní la wà nígbà náà. Ọmọ Ìsúàdà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n tísà ìjọ ni, ibi tí ìjọ bá sì rán an lọ la máa ń kó ẹrù lọ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òun ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìdóàní. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ sì kún kíláàsì débi pé àwọn kan ń jókòó sórí fèrèsé.

Lẹ́tà náà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ akọrin jọ láti ìjọ káàkiri agbègbè wa ní ọlidé gígùn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n fi kọ́ wọn ní orin ìsìn àtijọ́ tí àwọn ará Jámánì ń kọ ní igba ọdún sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ náà yóò kọ ọ́ níwájú ìjọ. Bàbá mi, tó máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti kọ orúkọ mi ránṣẹ́ kó tó ka lẹ́tà náà fún wa.

Ìyá mi ní, "Ta ni yóò wá máa pọnmi fún mi?"

Bàbá mi ní, "Àbúrò rẹ ń bọ̀ láti Ìsúàdà. Jẹ́ kó lọ. Ohùn ọmọ yìí kò yẹ kó parí sí Ìdóàní."

Ìyá mi ṣa òkúta kan jù nù. Ó wò mí, ó sì padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa ilé wa. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, àìsàn èéyi mú àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Ọjọ́ kẹsàn-án ló lọ. Láti ìgbà náà, a kì í pe ikú nínú ilé wa mọ́. Bí ó bá di dandan kí ìyá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, yóò ní "ọjọ́ yẹn." Nígbà kan, ìyàwó aládùúgbò wa kan wọlé, ó jókòó, ó ní, "Ebi fẹ́ pa mí kú lónìí o." Ìyá mi dìde lórí àpótí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi pè é wọlé. Ohun téèyàn bá ń pè ló ń dá a lóhùn." Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi, kò sì jáde mọ́.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo gun lọ́rì lọ sí Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ẹní kan, àpótí páànù kan àti garawa ìwẹ̀.

Inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Àwọn ọmọkùnrin wà ní ìhà kan, àwa ọmọbìnrin mọ́kànlá sì wà ní ìhà kejì. Ìyàwó kátíkíìsì ló ń se oúnjẹ fún wa, òun náà ló sì ń ṣọ́ wa. Ọmọ ìlú Ùpẹnmẹn ni ẹni tí ẹní rẹ̀ kan tèmi. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó jù mí lọ ní ọdún kan, áátò, ohùn kejì àwọn obìnrin, ló ń kọ, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó lè fi ọwọ́ lásán mú àkéekèé ní ìrù.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní ogójì ọdún. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Ọ̀wọ̀, òun ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú Èkó ló ti kọ́ ọ. Gbogbo ọlidé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn ló fi jìn wá. Kì í na ẹnikẹ́ni. Tí ohùn wa bá ṣàṣìṣe, yóò yọ ìgò ojú rẹ̀, yóò fi ìdí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, yóò sì tún un nù, títí kíláàsì yóò fi pa lọ́lọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n nà mí ju kó nu ìgò ojú rẹ̀ nítorí mi lọ.

Orin náà kò dà bí èyí tí a mọ̀. Nínú orin ìjọ wa, gbogbo wa la jọ ń gbéra, gbogbo wa la jọ ń gúnlẹ̀. Nínú èyí, tírébù, ohùn òkè, yóò sọ̀rọ̀ kan, kò ní sọ ọ́ tán tí áátò yóò fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, tẹ́nọ̀ yóò gbà á, báàsì yóò sì máa bọ̀ lẹ́yìn bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń ta fáólìn, gòjé àwọn òyìnbó, sí i. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, ó sì ti jà fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní bí ohùn orin bá gun òkè níbi tí ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ìgbàlà yóò di ọkọ́ ìgbàlà, àwọn ìyá ìjọ yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ń bá èdè Ọ̀wọ̀ jà lẹ́nu wa. "Ọwọ́ ni mo kọ sílẹ̀," ni yóò wí, "ẹ má ṣe kọ ọghọ́ fún mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú mi dùn. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn ọmọkùnrin tí wọ́n yàn láti dá kọrin fọ́ bí àwo. Ọ̀gá wa ní kí àwa tírébù kọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo kọ, ó sì na ìwé kan sí mi.

"Ìwọ ni yóò dá èyí kọ. Kà á kí n gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìlà àkọ́kọ́ lọ báyìí: *Ikú, máa bọ̀, mú mi relé, ẹsẹ̀ mi ti rẹ̀ lójú ọ̀nà.*

Ahọ́n mi dúró. Mo bojú wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ẹni tó ń kọrin yóò pè é tí yóò sì ní kó máa bọ̀.

Ọ̀gá wa ní, "Kí ló dé? O kò ríran ni?"

"Mo ríran, sà."

Mo kà á. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sínú, bí ẹni tí ikọ́ gbé. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú mi, ó jókòó sábẹ́ igbá àyà mi gan-an níbi tí akọrin ti ń fa èémí. Mo máa ń ronú nípa ikùn ìyá mi lábẹ́ àtẹ ìrẹsì. Mo rò pé bí mo bá pe ọ̀rọ̀ yẹn tán ní Ọ̀wọ̀, yóò gba ọ̀nà Ìdóàní lọ, yóò sì mọ ilé wa, nítorí ó ti débẹ̀ rí.

Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mí. Wọn yóò ní, onígbàgbọ́ wo ló ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ inú orin ìsìn? Nítorí náà, mo dá ọgbọ́n kan. Nígbà tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń la ẹnu, mo máa ń fi ètè ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ohùn jáde. Ọ̀gá wa gbọ́ àlàfo náà, ó rò pé èémí ló ń tán mi. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìwé orin nípọn kan lé ikùn mi, ó ní kí n máa fi èémí gbé e sókè, kí n máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wo ìwé náà bó ṣe ń lọ sókè sódò lórí ikùn mi, omi sì ń yọ lójú mi lọ sínú etí.

Ọmọ Ùpẹnmẹn ló kọ́kọ́ mọ̀. A ń fọ aṣọ nídìí kànga ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Ìwọ, èémí kọ́ ló ń ṣe ọ́. Ò ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì ni."

Mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún omi kúrò lára búbà rẹ̀, ó rò ó lọ rò ó bọ̀.

"Pe Olú," ni ó wí. "Ikú, Olú. Ohùn kan náà ni. *Olú, máa bọ̀, mú mi relé.* Olúwa ni yóò rò pé ò ń pè."

Mo kọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ó bá orin náà mu bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Alẹ́ ọjọ́ náà nìgbà àkọ́kọ́ tí mo sùn dáadáa láti ọjọ́ márùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ẹnu kíkún kọ ọ́. Mi ò tíì dé ìlà kejì tí dùùrù fi dákẹ́.

"Kí lo sọ níbẹ̀ yẹn?"

"Sà?"

"Ikú ni mo kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo gbọ́."

Gbogbo kíláàsì ń wò mí. Mo di etí tábìlì mú. "Olú ni mo pè, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

Mi ò wo ọ̀dọ̀ àwọn áátò. "Èmi ni, sà."

Ó ní kí àwọn yòókù lọ jẹun. Ìyàwó kátíkíìsì nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀gá wa ní kí n jókòó. Ó ní kí n sọ̀rọ̀.

"Màmá mi lóyún, sà. Àbúrò mi... ó ti lọ, ní ọ̀gbẹlẹ̀. Mi ò fẹ́ pè é."

Mo ń retí kó yọ ìgò ojú rẹ̀. Kò yọ ọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí dùùrù.

"Nígbà tí mò ń yí orin yìí sí Yorùbá," ni ó wí, "ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi àyè ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ìyàwó mi ń rẹ́ ilá níwájú ilé, mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ mi kọ̀."

"Ẹ sì padà kọ ọ́, sà."

"Mo kọ ọ́. Ó rẹ ẹni tó kọ orin yìí ni. Ohun tó ń sọ ni pé bí ó bá dé, kò ní bá òun nínú ìjayà. Kò ránṣẹ́ pè é sí ará ilé rẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe láyà láti bi í. Mo ní, "Ṣé ó mọ ìyàtọ̀, sà?"

"Ta ni?"

"Ohun tí à ń pè."

Ó pa ìdérí dùùrù dé. Ìyàwó kátíkíìsì ti dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. Níkẹyìn, ọ̀gá wa ní, "Mi ò ní fi ipá mú ọ. Èyí tí ọkàn rẹ bá gbà ni kí o kọ, èmi àtìwọ nìkan ló máa mọ̀. Ṣùgbọ́n kí o là á lẹ́nu dáadáa. Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ tí a gé sí méjì."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí yóò rò pé ẹ̀rù mi tán níbẹ̀. Ó lé sí i ni. Bí ó bá ti pàṣẹ fún mi, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀bi ì bá wà. Ní báyìí, ọwọ́ mi ló kù sí. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Àìkú, Olú ni mò ń kọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́yìn ẹnu mi, nítorí òun ni mo fi ojú kà sórí fún ọjọ́ gbọọrọ.

Ọjọ́ Àìkú dé. Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, ó dá lẹ́yìn ọ̀sán. Ní agogo mẹ́rin, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí láti àárín ìlú pàápàá dúró lójú fèrèsé láti gbọ́ fáólìn. Aṣọ funfun tí wọ́n yá mi gùn jù, mo ní láti máa ká a lọ́wọ́ kí n má baà tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ti ṣèlérí pé òun yóò wá. Mo wo gbogbo ìjókòó, mi ò rí fìlà rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo bọ́ síwájú. Dùùrù bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ Olú. Ohùn mi jáde geere, kò wárìrì. Mo kọ Olú lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ń ronú pé ó ku ẹyọ kan, ó ku ẹyọ kan péré, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí.

Ọkùnrin tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìdóàní ló wọlé. Ẹrẹ̀ ti mù ún dé orúnkún, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ àyà. Òun ló máa ń lu agogo ìsìn, òun náà ló sì máa ń lu agogo òkú. Òun ló lu ti àbúrò mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sétí kátíkíìsì. Kátíkíìsì gbé orí sókè, ó sì wò mí tààrà.

Fáólìn méjèèjì ń lọ lọ́wọ́. Ó yẹ kí n wọlé lẹ́yìn wọn. Gbogbo ohun tí mo ti pinnu fò lọ lórí mi bí ẹyẹ. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, ohun tó sì jáde ni *ikú*. Mo là á dáadáa. Mo ní kó máa bọ̀. Títí dòní, àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò gbọ́ ohùn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò mọ bí a ṣe kọ èyí tó kù. Ọmọ Ùpẹnmẹn di apá aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi ṣe tán.

Alágogo náà dúró dè mí lábẹ́ igi lóde. "Ọmọ mi, bàbá rẹ ní kí n wá mú ọ. Òwúrọ̀ yìí la gbé ìyá rẹ kúrò ní Ìdóàní wá sí ilé ìwòsàn níbí. Ọmọ náà fẹ́ wá ṣáájú àkókò, ó sì wá lọ́nà òdì. Lọ́rì rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni."

"Nígbà wo?"

"Kò tíì pé wákàtí kan."

Mo ṣírò rẹ̀. Àkókò tí mo fi ń kọrin gan-an ni.

Ọ̀gá wa tẹ̀ lé wa, kò tilẹ̀ dúró bọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Omi òjò ṣì ń ṣàn lójú títì. Nígbà tí alágogo ti ṣáájú díẹ̀, mo ní, "Mo pè é, sà."

"Mo gbọ́."

"Mi ò fẹ́ pè é. Ẹnu mi ló..."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fi kọ́ ẹnu rẹ. Bí ẹ̀bi bá wà, tèmi ni." Mo gbójú sókè wò ó, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé àgbàlagbà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún mi pé irọ́ ni.

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sọnù sínú ẹrẹ̀. Ó fà mí mọ́ra. A jókòó. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní, "Ta ni bàbá ọmọ?" Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí mi, mo sì di ojú. Nígbà tí mo la ojú, bàbá mi ń sunkún, mi ò sì mọ irú ẹkún tó jẹ́. Ojú alágogo ni mo wò. Ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọn kò jẹ́ kí n rí ìyá mi títí di ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n pa ẹfun lé. Wọ́n gbé ọmọ náà fún mi, ọmọbìnrin ni, kò wúwo ju adìyẹ lọ. Mo pa ẹnu mi mọ́ pinpin, imú ni mo fi ń mí, nítorí mi ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹnu mi kàn án.

Ìyá mi ní, "Wọ́n ní o kọrin dáadáa. Kọ díẹ̀ kí n gbọ́."

Mo mi orí. Bàbá mi ní ohùn mi ti há. Ìyá mi ní kò burú, yóò di ìgbà mìíràn.

Kò bímọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn dókítà ní kò lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ láyé, ó rí ọmọ àbúrò mi obìnrin yẹn, ó sì gbé e pọ̀n. Mo ń bá a lọ nínú ẹgbẹ́ akọrin títí irun mi fi funfun, àárín àwọn yòókù ni mo sì máa ń dúró sí, mi ò dá kọrin mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi tún béèrè orin náà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí mo gbàgbé.